Ẹ̀yìn ríro: kí la lè ṣe kó tó di iṣẹ́ abẹ?

Ẹ̀yin aláró Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta tẹ́yìn ń ro, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìrora yẹn ń rìn dé. Tó bá gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóòmù rírọ̀ ò dáa fún un. Ẹ dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ wá fi ìgúnpá gbé àyà sókè, ìṣẹ́jú 2 náà. Bí ara bá gbà á, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹlẹ̀ lábẹ́ èjìká, kẹ́ ẹ máa na apá díẹ̀díẹ̀, kí ìbàdí má kúrò lórí ẹní. Ìgbà 10; lẹ́yìn wákàtí 2 tàbí 3, ẹ tún un ṣe. Bí ìrora bá ń kúrò lẹ́sẹ̀, tó ń padà sí ìdí, tó tún gòkè sí ẹ̀yìn, ẹ ń rí i ṣe nìyẹn, bí ẹ̀yìn fúnra ẹ̀ tilẹ̀ le sí i díẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kéèyàn máa fi iṣan ẹ̀yìn gbé ara. Apá ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kí ìdí dẹ̀ pátápátá.

—

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ má ní kí màmá àgbà ṣe ìyẹn o. Àgbàlagbà tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ń wúwo tó bá rìn díẹ̀, tára sì ń tù ú tó bá jókòó tàbí tó bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà iṣan inú egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti há. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni, kó fa orúnkún kan wá sáyà, kó ka 20, kó tó mú èkejì.

Ká sùn sílẹ̀ ju ọjọ́ 1 tàbí 2 lọ ń mú ẹ̀yìn le sí i. Ẹ rìn ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Àtẹ̀gùn Olúmọ ò sá lọ. Omi gbígbóná nínú ìgò tẹ́ ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má sùn lé e, ó ń bó èèyàn lára.

—

Iṣẹ́ ńkọ́? Ọpọ́n aró tó wà nílẹ̀ ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó lágbára, kó ga dé ìbàdí. Aṣọ tó mu omi wúwo gan-an: ẹ fi igi dábùú ẹnu ọpọ́n, kẹ́ ẹ gbé aṣọ lé e kómi ro kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Omi kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, kílò 25 ni. Ẹ pín in sí kékeré méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kan.

—

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé jẹ̀dí ni gbogbo ẹ̀yìn ríro, tẹ́ ẹ ń mu àgbo tẹ́ ẹ tún ń fi diclofenac, oògùn ìrora, lé e, inú yín ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi dókítà kó tó lò ó. Oògùn onírúurú tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Ẹni tó ṣubú, tàbí tí ibà ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, tàbí tó ń rù láìnídìí, kó rí dókítà kẹ́nikẹ́ni tó tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń dà láìmọ̀, bí ojú ara àti ìdí bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ ò bá gbé mọ́, ẹ lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Iṣan tó ń darí ìtọ̀ àti ẹsẹ̀ yẹn ò ní dúró de ọjọ́ Ajé.