Kí ló mú kí àwọn Medici máa náwó sórí iṣẹ́ ọnà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ àròkọ lórí ìdílé Medici, àwọn oníbáńkì ìlú Florence ní Ítálì. Cosimo, olórí ìdílé náà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ló sanwó àtúnkọ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ San Marco, níbi tí Fra Angelico ti ya àwòrán sára ògiri. Ìjọ sì ka owó èlé sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà yẹn! Ṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló mú un náwó ni, àbí iyì láàárín ìlú? Nínú àwòrán tí Benozzo Gozzoli bẹ̀rẹ̀ ní 1459 nínú ilé wọn, àwọn Medici fúnra wọn wà lára àwọn tó ń tẹ̀lé àwọn amòye lọ kí Jésù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló máa ń pinnu ohun tí wọn yóò yà: olówó ni àbí ayàwòrán?