Ẹ gbà mí o: bàbá kan sọnù láàárín sẹ́ńsọ́ọ̀sì 1861 àti 1871, ibo la ti máa wá a?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ìtàn ìdílé tiwa la sábà máa ń sọ níbí, ta ló wá láti Ìpólé, ta ni àwọn bàbá ẹ̀ sá ogun wá sí Ọ̀ṣogbo, ṣùgbọ́n ti ìdílé ọkọ mi ni mo gbé wá lónìí. Òyìnbó ni ọkọ mi, ará Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀ṣogbo níbí la jọ ń gbé. Ìyá ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ohun kan ṣoṣo tí màmá ń tọrọ lọ́wọ́ wa báyìí ni pé ká bá àwọn wá ibi tí bàbá ìyá-àgbà àwọn wọlẹ̀ sí. Ọkọ mi ò ní sùúrù irú iṣẹ́ yẹn, èmi ni mo bọ́ sí i, ó sì ti wọ̀ mí lára, mi ò lè fi sílẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo ní rèé. Nínú sẹ́ńsọ́ọ̀sì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń ka èèyàn ìlú, ti 1861, ìdílé yẹn wà ní Oldham ní Lancashire, bàbá ni olórí ilé, ó ń ran òwú ní fákítírì, ìyàwó ẹ̀ náà ń hun aṣọ ní fákítírì, ọmọkùnrin méjì àti ọmọ-ọwọ́ obìnrin kan, ọmọ-ọwọ́ yẹn ni ìyá-àgbà ìyá ọkọ mi. Ní 1871 ìyàwó ló ti di olórí ilé, àwọn ọmọkùnrin ti ń lọ fákítírì, bàbá ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ ìyàwó pé ó lọ́kọ. Ìgbà tó máa di 1881 wọ́n ti kọ ọ́ pé opó ni, ọkùnrin kan sì wà nínú ilé tí wọ́n pè ní ayálégbé. Mo wá wá ìwé ikú bàbá láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, John lorúkọ ẹ̀, sọ́nẹ́ẹ̀mù wọn sì wọ́pọ̀ ní Oldham bíi Adébáyọ̀ ní Ọ̀ṣogbo, àwọn John tó kú pọ̀ lọ súà, mi ò mọ èwo ni tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀nà kó là mí lójú.

Akọ̀wé Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ìyá ọkọ. Mo gbé Manchester fún ìgbà díẹ̀, mo sì bá àwọn èèyàn ibẹ̀ wá irú eléyìí. Ẹ má fojú kékeré wo ohun tí wọ́n kọ ní 1871 yẹn o. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka èèyàn, ti 1871 bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, ibi tí kálukú bá sùn sí mọ́jú ni wọ́n ti kọ ọ́. Kí ọkùnrin má sí nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò ní kó ti kú, ó lè wà lójú omi, ó lè wà ní bárékè, ní ọsibítù, ní ẹ̀wọ̀n, tàbí ní wọ́ọ̀kùháúsì, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí ò rọ́wọ́ họrí sí kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ jẹun. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ àti ẹ̀wọ̀n míì ò tiẹ̀ ń kọ orúkọ pé, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ méjèèjì ni wọ́n máa kọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ìlú tí wọ́n ti bí i, ẹ lè kọjá lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìmọ̀ pé òun ni.

Ẹ tún wo ìgbà tó sọnù yẹn. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, ló dá òwú dúró, òwú ò dé Lancashire mọ́ bó ṣe ń dé tẹ́lẹ̀, fákítírì ń tì, ebi mú wọn gan-an ní Oldham àti àwọn ìlú àyíká ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọjá òkè lọ sí Yorkshire torí iṣẹ́ irun àgùntàn ń lọ déédéé níbẹ̀, àwọn míì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà àti Australia. Ọkùnrin tó ń ran òwú tó sọnù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ ló wá lọ.

Ní ti ayálégbé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn ṣe yín bákan. Àwọn tálákà ìgbà yẹn ò lè kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù. Òfin 1857 ló gbé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù, London ni kóòtù náà wà, owó ẹ̀ kì í ṣe owó òṣìṣẹ́ fákítírì, tó bá sì jẹ́ obìnrin ló fẹ́ kọ ọkọ, kí ọkọ ṣàgbèrè nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn míì tì í, bíi ìwà ìkà tàbí pé ó pa òun tì. Torí náà wọn ò kọ ara wọn, wọ́n kàn ń lọ ni. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ lọ tí ò padà á ní opó lòun, kí ẹnu ayé lè kúrò lára òun. Òfin 1861 wá fún wọn láyè díẹ̀, tí ọkọ bá ti lọ fún ọdún 7 léraléra tí ìyàwó ò gbọ́ pé ó wà láàyè, tó bá fẹ́ ẹlòmíì wọn ò lè dá a lẹ́bi pé ó fẹ́ ọkọ méjì. Ẹ wá ìgbéyàwó màmá yẹn àti ayálégbé náà, ó lè wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé kẹ́ ẹ fi bàbá sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tẹ̀lé àwọn ọmọ. Láti oṣù keje 1837 ni ìwé ìgbéyàwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, tí bàbá bá sì ti kú wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ ra sátífíkéètì ìgbéyàwó ìyá-àgbà, ẹ ra ti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kẹ́ ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí i dáadáa.

Tìsà Ìgbóǹnà

Kí n fi kinní kan kún un. Ẹ yọ sọ́nẹ́ẹ̀mù kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ ń wá. Ohun tí etí ẹni tó ń kà wọ́n bá gbọ́ ló máa kọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò mọ̀wé, X ni wọ́n fi ń fọwọ́ síwèé, àwọn tó wá da ìwé yẹn sórí kọ̀ǹpútà náà tún ṣi àwọn lẹ́tà kan kà. Ẹ fi orúkọ àkọ́kọ́, ìlú tí wọ́n bí i sí, àti ọjọ́ orí wá a, kẹ́ ẹ sì fàyè ọdún bíi mẹ́ta sílẹ̀ síwá sẹ́yìn torí ọjọ́ orí wọn kì í dúró sójú kan. Sẹ́ńsọ́ọ̀sì 1881 ọ̀fẹ́ ni lórí FamilySearch, ìyẹn ìkànnì ìtàn ìdílé. Àwọn John yẹn náà, ẹ wọ index GRO lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ orúkọ ti ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni, wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹni tó kú síbẹ̀, èyí tọ́jọ́ orí ẹ̀ ò bá ti bá tiyín mu ẹ sọ ọ́ nù.

Bàbá Stéṣọ̀n

Ọmọ mi, mo kí ọ, o ṣe ìyàwó ilé. Mo fẹ́ sọ tiwa fún ọ. Rélùwéè dé Ọ̀ṣogbo níbí ní 1907, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ló bá a lọ sí Èkó, láti Èkó wọ́n sọdá sí Gold Coast, ìyẹn Ghana òní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn. Kò padà. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ti ọ̀hún dé, àwọn bàbá wa á ránṣẹ́ sí i, ọkùnrin á máa bi ọkùnrin, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ìjọba Ghana lé àwọn àjèjì ní 1969 tí àwọn èèyàn wa ń rọ́ wálé ni màmá kan tó ń ta aṣọ ní Kumasi wá sí agbo ilé wa, ó jókòó ti ìyá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé wa láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní níbo lo ti gbọ́ ọ, ó ní ọkùnrin kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù òun ló máa ń fi ki ọmọ ẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bá a ṣe rí i nìyẹn. Ó ti kú ká tó gbọ́, ṣùgbọ́n a rí àwọn ọmọ ẹ̀, a sì jọ ń ṣe ọdún títí dòní.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ wà. Má bi ìyá ọkọ ẹ léèrè bàbá yẹn mọ́, kò mọ̀ ọ́n. Bi wọ́n léèrè ta ni ìyá-àgbà wọn máa ń kọ lẹ́tà sí, ilé ta ni wọ́n máa ń lọ nígbà ọdún, ta ló wá síbi òkú wọn tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ sí wọn. Rọra bi wọ́n, sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Tó bá sì wá hàn pé ọkùnrin yẹn ní ilé míì, má fi pa mọ́ fún wọn, àgbàlagbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu, má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ọmọ Aláró

Bàbá, ẹ ṣeun sà, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ìyá Ìbejì, tí màmá yẹn bá gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó tálákà nígbà tí ọkọ lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni ọkọ ti dá yẹn, láti òfin 1824 ni wọ́n ti ń mú ọkùnrin tó bá pa ìyàwó àti ọmọ tì tí wọ́n wá di ẹrù sọ́rùn àdúgbò. Ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ Poor Law Unions' Gazette, àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀: ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, àwọ̀ irun orí ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, ìyàwó àti iye ọmọ tó fi sílẹ̀. Ó wà lórí British Newspaper Archive, ìyẹn ìkànnì àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wọn. Ó dun èèyàn láti kà, ṣùgbọ́n tálákà tí ò ya fọ́tò rí láyé ẹ̀, ibẹ̀ nìkan lẹ lè ti mọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Olúwa á bá wa gbọ́ bùkátà gbogbo yín. Bàbá, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí sà. Mo pe ìyá ọkọ mi lálẹ́, wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ò rántí nǹkan kan, mo wá bi wọ́n léèrè lẹ́tà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní aunty kan wà ní Bradford ní Yorkshire, ìyá-àgbà ò jẹ́ kí Kérésì kan kọjá láìkọ lẹ́tà sí i, ó kéré sí ìyá-àgbà dáadáa, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí bó ṣe jẹ́ aunty. Sọ́nẹ́ẹ̀mù ilé bàbá ìyá-àgbà gan-an ló ń jẹ́!

Sátífíkéètì ìgbéyàwó náà ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi lọ́hùn-ún, ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. 1883 ni. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀, wọn ò kọ pé ó ti kú, iṣẹ́ ẹ̀ kì í sì í ṣe òwú mọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń ya irun àgùntàn. Mo pariwo débi pé àwọn ìbejì sáré wọlé.

Akọ̀wé Àgbà

Ẹ kú oríire o! Bradford ni ojúlé iṣẹ́ yíya irun àgùntàn nígbà yẹn. Kí wọ́n má kọ pé ó kú ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó wà láàyè o, àwọn míì máa ń gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ tuntun bàbá ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ń gbúròó ara wọn. Ẹ wọ 1881 ní Bradford báyìí, John tí wọ́n bí ní Oldham, ẹ wò ó bóyá ọmọbìnrin kékeré kan wà nílé ẹ̀ tórúkọ ẹ̀ bá ti aunty yẹn mu. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ wá ìbí ọmọ náà nínú index GRO yẹn, orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ máa ń wà níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ obìnrin tó bá gbé. Tó bá ti já, kí ọkọ yín pe ìyá ẹ̀.