RCD ń já lóru láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí RCD (ẹ̀rọ tó ń gé iná ilé bí iná bá ń jò) inú bọ́ọ̀dù iná wa ti ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, òru ló sì sábà máa ń jẹ́. A ó kàn jí bá ara wa nínú òkùnkùn. Bí mo bá gbé e sókè, ó lè dúró wákàtí mẹ́rin, ó sì lè dúró mẹ́wàá. Lánàá mo pa gbogbo súìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó sùn, títí kan ti fíríìjì. Fáànù òkè yàrá mẹ́ta nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ó tún já. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Èsì 1: Tèmi náà dà mí láàmú bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ iná kan ló bá mi yọ ọ́, tó so waya tààrà. Kò já mọ́ láti ìgbà náà.

Èsì 2 (oníṣẹ́ iná ni mí): Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ yín, ẹ dá tiyín padà. Waya ni bírékà ń dáàbò bò, ènìyàn ni RCD ń ṣọ́. Ó ń wo iye iná tó jáde lórí láífù àti iye tó padà lórí níútírà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, iná ti rí ibòmíràn gbà nìyẹn: ara ẹ̀rọ, omi, tàbí ara ọmọ ènìyàn. Mílíámpù 30 ni èyí tó wọ́pọ̀ nílé, ó sì lè já láti nǹkan bí 15. Mílíámpù 30 yẹn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí bírékà ámpù 32 ń jẹ́ kó kọjá. Iná lè pa ènìyàn kí bírékà tó mọ̀ rárá.

Olùbéèrè, ọ̀pọ̀ súìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, láífù nìkan ni wọ́n ń gé. Níútírà ṣì so mọ́ ẹ̀rọ. Bó bá ń kan ẹ́ẹ̀tì (waya tó lọ sínú ilẹ̀) níbẹ̀, díẹ̀ nínú iná fáànù yín tó ń padà á yà gba ẹ́ẹ̀tì, RCD á já. Nítorí náà, ẹ fa púlọ́ọ̀gì gan-an jáde, gbogbo rẹ̀. Bí RCD bá dúró, ẹ dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní odidi ọjọ́ kan, torí tiyín kì í já lójú ẹsẹ̀. Fíríìjì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń yọ́ yìnyín fúnra rẹ̀ ní híítà kékeré nínú, láti ìgbà dé ìgbà ló ń tàn án, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru, omi sì máa ń wọ híítà náà.

Bí kò bá dúró pẹ̀lú gbogbo púlọ́ọ̀gì níta, inú ògiri ni. Ẹ má ṣí bọ́ọ̀dù o: bí ẹ tiẹ̀ pa súìṣì ńlá, waya tó wọ inú rẹ̀ ṣì ní iná. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó fi mẹ́gà (ẹ̀rọ tó ń wò bóyá iná ń jò lára waya) wọ̀n ọ́n ní fóltì 500. Bí ohun tó kà bá kéré sí mẹ́gà-óòmù 1, waya yẹn ti bàjẹ́.

Èsì 3: Ọmọ mi kan fọwọ́ tútù gbá ẹ̀rọ ìfọṣọ wa mú, láìwọ bàtà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ṣókùnkùn. RCD ló já. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Fún ọjọ́ mẹ́ta tí púlọ́ọ̀gì fíríìjì fi wà níta, kò já rárá. Mo dá a padà lálẹ́ àná, ó já ní aago méjì òru. Nígbà tí mo fa fíríìjì síwájú, ìpẹtà ti bo ibi tí waya ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tutù.

Èsì 2: Ẹ jẹ́ kó wà níta bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ fíríìjì kó wọn híítà náà àti ojú ibi tó pẹtà yẹn. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Èsì 1: Mo ti pe ẹni tí yóò wá dá tèmi padà. Ọ̀la ló ń bọ̀.