Ṣé ẹkún tí mo sun dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú mi?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oyún àkọ́kọ́ mi rèé, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 29. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọkọ mi jà, mo sunkún mọ́jú. Bí mo ṣe ń sunkún ni ọmọ ń ta gìrìgìrì nínú mi. Ìyá ọkọ mi wá ní gbogbo ìbànújẹ́ mi ni ọmọ ń mu bí omi, pé onínúfùfù ni màá bí. Láti ìgbà náà, oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti ba ọmọ mi jẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹkún tí mo sun lórí oyún tèmi, kò ṣeé kà. Àwọn méjèèjì nìyí tí wọ́n ń fa irun ara wọn bí mo ṣe ń tẹ èyí, ara wọn le bí òkúta. Nu ojú rẹ.

Agbẹ̀bí: Ìyá ọkọ yín ò parọ́ tán, wọn ò sì sọ òótọ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ yín àti tọmọ kì í dà pọ̀. Olóbi, ìyẹn ibi ọmọ, ló ń ṣe alárinà. Bí ọkàn yín bá dàrú, ara yín á tú họ́mòónù cortisol jáde, ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú olóbi tó ń sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ di aláìlágbára kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹkún alẹ́ kan ò lè wó odi yẹn. Ìdààmú tó bá fi oṣù gbáko jókòó síni lára là ń bẹ̀rù, àti ebi. Nígbà tí ìyàn mú ní Netherlands ní 1944 sí 1945, àwọn ọmọ tó wà nínú oyún nígbà náà dàgbà tán, ara ọ̀pọ̀ wọn ò wá mọ ṣúgà lò dáadáa. Ìyàn nìyẹn o, kì í ṣe ìjà tọkọtaya.

Ọmọ náà ń ránṣẹ́ padà. Ìlà méjì tẹ́ ẹ rí nígbà tẹ́ ẹ yẹ ìtọ̀ wò, iṣẹ́ tí òun rán ni: hCG, họ́mòónù oyún, ń sọ fún ara yín pé kí nǹkan oṣù má wá. Nígbà tó yá, olóbi tún ní kí ara yín má tètè lo ṣúgà tán, kó lè kù fọ́mọ. Ìdí rèé tí a fi ń yẹ ṣúgà wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ṣé ẹ ti ṣe é?

Oníbèérè: A ti ṣe é, mà, wọ́n ní ó dáa. Títa yẹn ńkọ́? Ṣé inú ló ń bí i?

Agbẹ̀bí: Rárá o. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 29 a máa ta láìsí pé ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́. Bí títa rẹ̀ bá dín kù sí bó ṣe máa ń ṣe gan-an ni kí ẹ má ṣe dúró, ọjọ́ náà ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ó ń gbọ́ ohùn yín, ìyẹn dájú. Ní 1980, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi orí ọmú onírọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá mu ún báyìí, ohùn ìyá wọn á dún. Bí wọ́n bá mu ún bá mìíràn, tobìnrin mìíràn ni. Ti ìyá wọn ni wọ́n ń wá.

Bàbá Àbíkẹ́yìn: Ọkọ ńkọ́? Gbogbo wa ń bá ìyàwó wí, ẹnikẹ́ni ò bi ọkọ. Ẹ fi èyí hàn án.

Oníbèérè: Ó ti kà á, sà. Ó gbẹ́nu sí ikùn mi, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." A ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni o! Ọmọ kàn ta á lẹ́ẹ̀kan ni.