Oníbàárà mi fẹ́ máa lóṣòó pẹ̀lú irin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún: kí ni kí n ṣe?

Kóòṣì jíìmù, Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí iṣẹ́ kóòṣì. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ ọdún 27, ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò. ACL rẹ̀, ìyẹn iṣan inú orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, já lórí pápá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ó lọ sọ́dọ̀ físíò, oníṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ara tún ara ṣe, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, owó sì tán. Ó ní kí èmi bá òun parí ìyókù. Ohun tó ń fẹ́ ni kó máa lóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, kó sì padà sórí pápá kí Kérésì tó dé, ìyẹn oṣù méjì sí i.

Mo mọ iṣẹ́ tí mo lè fún un. Ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021 ló ń bà mí. Mo gba obìnrin kan tí èjìká ń dùn, mo ní ara ń ro ó lásán ni, mo ní kó máa tì í. Kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, apá náà kò gòkè mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀ kó tó lè wé gèlè fúnra rẹ̀. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí ji ara mi.

Mo ti pe físíò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni? Bí n bá kọ̀ ọ́, jíìmù mìíràn ni yóò gbà lọ, wọn á sì gbé irin lé e léjìká lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Ìbejì

Kóòṣì, ẹ kọ̀ ọ́ o! Ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí orúnkún yẹn bá tún já, ẹ̀yin ni wọ́n máa dárúkọ.

Físíò kan, Ilé-Ifẹ̀

Mà á, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọ̀ ọ́. Kóòṣì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí orúnkún bá ti ń nà tán ní oṣù mẹ́rin, tí kò wú, tí kò sì tiro mọ́, iṣẹ́ agbára ló kù, ibẹ̀ gan-an ni kóòṣì ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ibi tí àwa físíò ti ń ṣiṣẹ́ ni kò ní irin tó tó ti jíìmù yín. Rọ́bà tá a máa ń ní kí wọ́n fà nìkan kò lè dá itan tó ti rù padà.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan irin kankan: kí ni wọ́n ṣe nínú orúnkún yẹn gan-an? Ṣé ACL nìkan ni, àbí wọ́n rán meniscus pọ̀ mọ́ ọn? Meniscus ni ohun rírọ̀ bí ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun itan àti eegun ojúgun. Bí wọ́n bá rán an, kéèyàn gbé ẹrù kó sì lóṣòó wálẹ̀ jìn lè ba ojú ibi tí wọ́n rán jẹ́. Níbo ni wọ́n sì ti mú iṣan tí wọ́n fi rọ́pò ACL? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn itan ni, ibẹ̀ náà ń fẹ́ sùúrù. Aláìsàn kì í sábà mọ èyí. Inú ìwé iṣẹ́ abẹ ló wà. Kó lọ gba ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní ti Kérésì, rárá. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nọ́wè, tó jáde ní 2016, fi hàn pé títí di oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ìpadà sórí pápá sí iwájú ń dín ewu kí orúnkún tún fara pa kù ní nǹkan bí ìdajì. Àní ní oṣù kẹsàn-án, kí agbára ẹsẹ̀ náà tó bí ìdá 90 nínú 100 ti ẹsẹ̀ kejì ná.

Bó bá jẹ́ owó ni, kó máa rí físíò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wà lọ́dọ̀ yín ní àárín.

Ẹ̀gbọ́n, Manchester

Àbúrò mi, kóòṣì lèmi náà. Ní Ìlú Ọba níbí, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bíi físíò sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní físíò. Ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní kóòṣì. Nítorí náà, mo máa ń bẹ físíò pé kó kọ nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: ohun tí mo lè ṣe, ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe, àti ohun tí yóò mú mi pe òun. Mo kọ́kọ́ ń gba àṣẹ lẹ́nu oníbàárà kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ní gbogbo Ẹtì ni mo ń fi iṣẹ́ tá a ṣe ránṣẹ́: ìwọ̀n irin, bí ìrora ṣe tó, bí orúnkún ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn ṣe pàtàkì. Bó bá wú, iṣẹ́ àná ti pọ̀ jù.

Agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ bi í bóyá ó gbé oògùn ìrora mì kó tó wá. Èmi máa ń gbé e mì, mo sì ń pa á mọ́ fún kóòṣì mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi já.

Físíò kan, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dun ún lẹ́sẹ̀ kan, tàbí tí èémí rẹ̀ kò bá já gaara, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì.

Kóòṣì jíìmù, Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn fúnra mi. Wọ́n ti jí fóònù físíò náà ni. Ìwé iṣẹ́ abẹ rèé: wọ́n rán meniscus. Ọmọ náà kò mọ̀ rárá. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo kà á.

Físíò ní kó má lóṣòó kọjá gíga àga títí òun yóò fi tún wò ó lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé àga onígi kan sẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀, ó dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, láìsí irin. Inú rẹ̀ kò dùn. Láàárọ̀ yìí ó fi fọ́tò orúnkún méjèèjì ránṣẹ́ sí èmi àti físíò, bákan náà ni wọ́n rí, kò sí èyí tó wú.