Òòlù ìbọn Winchester 1892 mi: ṣé kí n gé e ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

ỌmọỌdẹ_Houston

Ẹ kú ilé o. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbẹ́tì, ṣakabùlà ni wọ́n ń lò. Tí wọ́n bá kì í tán, wọ́n á fa òòlù rẹ̀, irin tó ń lù kí ìbọn dún, dé ààbọ̀, ìyẹn ibi tó ti máa ń há láàárín ọ̀nà, ẹ ó gbọ́ "kẹ́", wọ́n á wá gbé e kọ́ èjìká. Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé oko yá.

Lóṣù tó kọjá mo ra àlòkù ìbọn onílẹ́fà kan níbí (èyí tí a ń fa irin abẹ́ rẹ̀ kí ọta tuntun lè wọlé), àwòkọ Winchester 1892, ọta .357 ló ń jẹ. Ó rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ṣùgbọ́n òòlù rẹ̀ kò ní ààbọ̀ rárá. Tí mo bá yìn ín tán, òòlù á tún sún sẹ́yìn díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnì sèfítì kan sì wà lẹ́yìn òòlù, gan-an níbi tí àtàǹpàkò mi ń gbà kọjá. Ta ló rí bọ́tìnì lára ìbọn ní 1892?

Èyí tó wá bí mi nínú ni ti Sátidé: nínú ọta 20, 3 ò dún. Òòlù kàn tẹ ìdí wọn bí ẹni fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń fi fáìlì, irin tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, gé òòlù kó lè dà bíi ti àtijọ́. Ọwọ́ ń yún mi. Kí lẹ rí sí i?

Bùọ̀dá_Tulsa

Àbúrò, gbé fáìlì sílẹ̀ ná. Ọdún 11 ni mo ti ń tún ìbọn ṣe.

Lára ti àtijọ́, bí òòlù bá wálẹ̀ tán, orí abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta ló máa jókòó sí. Bí ìbọn bá já bọ́ báyẹn, ó lè dún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ààbọ̀ sí i. Ààbọ̀ náà ò wá ju eyín irin kékeré lọ. Ó lè jẹ, ó lè kán. Ti òde òní irú tìrẹ, òòlù máa ń padà sẹ́yìn kó má baà fara kan abẹ́rẹ́. Òòlù, sípíríǹgì àti sèfítì, wọ́n jọ yàwòrán wọn pọ̀ ni. Tí o bá fi fáìlì gé ọ̀kan, o ò sọ ọ́ di ti 1892. Ìbọn tí kò ní ààbọ̀, tí kò tún ní ààbò, lo máa gbé lọ sílé.

Ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ bínú sí i. Winchester 1894, tí wọ́n ń pè ní 94, tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ wọn ní New Haven ní Amẹ́ríkà, gba òòlù apadàsẹ́yìn, ó sì gba sèfítì tó dábùú ìbọn ní 1992. Ariwo ò tán nílẹ̀ títí wọ́n fi gbé sèfítì lọ sẹ́yìn òòlù ní 2003. Ní 2006 wọ́n ti ilé iṣẹ́ yẹn pa. Ilé iṣẹ́ Miroku ní Japan ló ń ṣe àwọn tó ń jẹ́ Winchester onílẹ́fà lónìí. Lójú tèmi, ọwọ́ lóyà pọ̀ nínú àwòrán yẹn ju ọwọ́ ẹnjiníà lọ, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Àlòkù lo pè é, àbí? Ta ló lò ó kó tó kàn ọ́? Jẹ́ kí ẹnì kan wo sípíríǹgì òòlù yẹn.

JagunÌbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù! Ṣé ààbọ̀ ló fẹ́ ni? Kó tà á, kó ra àwòkọ Winchester 1873 ti Uberti, àwọn ará Ítálì. Ààbọ̀ wà lára òòlù tèmi látilẹ̀. Tàbí kó wá Browning B-92 àlòkù, àwòkọ 1892 lòun náà. Miroku kan náà ló ṣe é, kò sì sí bọ́tìnì kankan lẹ́yìn òòlù rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Atlanta

Ọ̀rọ̀ Jagun dáa lẹ́ẹ̀kan yìí. Èmi ń bá wọn díje yíyìn ìbọn onímàlúù, níbi tí a ti ń yìn ín bíi ti àwọn darandaran Amẹ́ríkà àtijọ́. Òfin ibẹ̀ ni pé òòlù á wà nílẹ̀ lórí ihò òfìfo títí wọn á fi ní kí o bẹ̀rẹ̀. Sèfítì tèmi ò tíì kúrò lójú kan láti ọdún 6, kò sì dí mi lọ́wọ́. Bí o bá gé òòlù yẹn lónìí, tí o ta ìbọn náà lọ́la, ṣé o máa sọ fún ẹni tó rà á?

ỌmọỌdẹ_Houston

Ẹ̀gbọ́n Tulsa, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan, ó tú u níwájú mi. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gé ìyípo kan àtààbọ̀ kúrò lára sípíríǹgì kí òòlù lè fúyẹ́! Kò sì sọ fún ẹnì kankan, Ìyá Ìbejì. Wọ́n fi tuntun sí i. Mo yìn 50 lánàá, gbogbo ẹ̀ dún. Bọ́tìnì ṣì wà níbẹ̀, mo ti ń gbàgbé rẹ̀.

Ní ti ìró "kẹ́" yẹn, mo pe Bàbá lórí WhatsApp, mo ní kí wọ́n fa ti wọn kí n gbọ́. Wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣáà fà á.