Adùn kéékèèké inú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ọ́fíìsì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ Ajé tún dé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀, owó oṣù ṣì jìnnà. Kí ni nǹkan kékeré, tí kì í gba owó ńlá, tó ń mú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ dùn? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, kí ẹlòmíràn lè ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Gàrí mímu ní aago méjì ọ̀sán. Kì í ṣe gàrí kígàrí o. Gàrí Ìjẹ̀bú ni, tí ẹ̀gẹ́ rírin ti wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán kí wọ́n tó yan án. Èyí tó lo ọjọ́ kan tàbí méjì péré kò ní kan. Bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́, da omi sí i, jẹ́ kí háríhá léfòó, kí o da omi yẹn nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, wọ́n á wá máa yọ ìdọ̀tí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, omi tútù láti inú fíríìjì, kó ga ju gàrí lọ ní ìka méjì, torí pé gàrí ń wú. Ṣúgà tẹ̀ lé e, rò ó pọ̀. Epa ló máa gbẹ̀yìn, bó bá pẹ́ nínú omi á rọ̀. Kí o tètè mu ún.

Àbẹ̀kẹ́
Mílíìkì ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mílíìkì ń pa kíkan rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mílíìkì, kó ra gàrí tí kò kan.

Olùkọ́ Ọ̀ṣun
Ẹ má fi ojú nìkan ra gàrí lọ́jà. Ẹ bu díẹ̀ sẹ́nu: tó bá ń dún kàrà kàrà, wọ́n yan án dáadáa. Tó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, kò gbẹ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ fún un pọ̀; bó bá dì mọ́ra, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìyá Ìbejì
Àkàrà àárọ̀ Sátidé ni tèmi, àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ mímu. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló ń mú kí ti ojú títì wú rìbìtì, tí ti inú ilé fi ń tẹ́ pẹlẹbẹ, tó tún ń fa epo mu?

Alákàrà Mọ́kọlá
Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó. Omi púpọ̀ àti àìlù tó ló ń pa àkàrà.

Ẹ̀wà ife 2: ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á kí èèpo bọ́, ẹ ṣàn án títí kò fi ní sí èèpo àti ojú dúdú mọ́. Èèpo tó bá ṣẹ́kù ló ń mú àkàrà wúwo. Kí ẹ tún wá rẹ ẹ̀wà tó ti mọ́ yìí sínú omi tútù fún wákàtí kan, kó rọ̀ dénú. Bí inú rẹ̀ bá ṣì le, kò ní kúnná, hóró kì í sì í gba afẹ́fẹ́ dúró.

Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo 2 àti tàtàsé kékeré 1. Omi tẹ́ ẹ máa fi lọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdajì ife lọ. Ẹ fi ṣíbí bù ú sókè: tó bá ń ṣàn bí ògì, ọwọ́ ti yọ, tó bá ń já bọ́ ní ìṣù-ìṣù, ó dára.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ dà á sínú odó tàbí abọ́ jíjìn, ẹ fi ọmọ odó tàbí ṣíbí onígi lù ú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Apá kan náà ni kẹ́ ẹ máa yí i sí. Àwọ̀ rẹ̀ á funfun sí i, á sì pọ̀ sí i nínú abọ́. Afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń kó sínú rẹ̀, òun náà ló ń gbòòrò nínú epo gbígbóná tí àkàrà fi ń wú. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: bó bá léfòó, ó tó, bó bá rì, ẹ máa lù ú lọ.

Iyọ̀ àti àlùbọ́sà rírẹ́ ló máa kẹ́yìn, nígbà tí epo ti ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí epo jìn tó kí àkàrà má fara kan ìdí agbada. Ẹ ju àlùbọ́sà ẹyọ kan sí i. Bó bá hó yí ká lójú ẹsẹ̀ láìdúdú, ẹ máa bu ẹ̀wà sí i. Ẹni tó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná, 175 sí 180°C ni. Epo tí kò gbóná tó ni àkàrà ń fà mu. Èyí tó ń rú èéfín á jó ẹ̀yìn rẹ̀, inú á sì wà ní tútù. Ẹ má fi àkàrà kún agbada lẹ́ẹ̀kan náà, epo á tutù.

Tòkunbọ̀
Àlàyé yìí tó ilé-ẹ̀kọ́.

Bàbá Ẹlẹ́rọ
Ẹ jẹ́ n fi ti ibi ìlọta kún un. Ẹ̀wà tó ki kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹlẹ́rọ fi máa ń da omi sí i láìbéèrè. Ẹ gbé omi tiyín dání nínú ìgò kékeré, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé òun nìkan ni kó lò. Kó fún ẹ̀rọ náà pọ̀ dáadáa, kó sì lọ ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ata ẹlòmíràn bá ti kọjá níbẹ̀, kó kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹ̀rọ, kó sì gbọn omi náà kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ata yẹn ló máa wọ inú ẹ̀wà yín.

Fẹ́mi Adínkàrà
Mo gba gbogbo ẹ̀ àfi pé iyọ̀ gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Omi ló ń ba àkàrà jẹ́, kì í ṣe iyọ̀.

Alákàrà Mọ́kọlá
Fẹ́mi, àbúrò mi, níbo lo rò pé omi náà ti ń wá? Iyọ̀ ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà. Bí o bá pò wọ́n pọ̀ tí o lọ gbé epo kaná, kí o tó padà dé, ẹ̀wà ti ń ṣàn.

Fẹ́mi Adínkàrà
Tí kò bá wá sí àlùbọ́sà rírẹ́ nínú ẹ̀ ńkọ́?

Alákàrà Mọ́kọlá
Àkàrà wo nìyẹn?

Ìyá Ìbejì
Ẹ má bínú síra yín. Ẹ pín in sí abọ́ méjì, iyọ̀ ní ọ̀kan, kí èkejì má ní, ìdajì wákàtí. Ojú á rí i.

Kẹ́hìndé Peckham
Fún àwa tí a wà ní London: ẹ̀wà funfun olójú dúdú kún àwọn ṣọ́ọ̀bù níbí. Bílẹ́ńdà ni ìṣòro, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń tọrọ omi. Ẹ lo omi yìnyín, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa pa bílẹ́ńdà náà kẹ́ ẹ sì fi ṣíbí ti ẹ̀wà sísàlẹ̀ dípò tẹ́ ẹ fi máa fi omi kún un. Ẹ̀rọ ìlukéèkì tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú á gba ìṣẹ́jú 5, ó sì ń ṣe iṣẹ́ odó dáadáa. Ẹ̀wà oníyẹ̀fun, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó lù ú. Kò lè fúyẹ́ tó ẹ̀wà tútù, àmọ́ ó wúlò lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹyin kan ńkọ́, kó lè wú?

Alákàrà Mọ́kọlá
Àbẹ̀kẹ́! Bí ẹ bá lù ú tó, kí lẹ fẹ́ fi ẹyin ṣe?

Ará Bahia
Ẹ kú àárọ̀ láti Salvador ní Bràsíl. Níbí, ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni wọ́n ń lò, kò sí ata nínú rẹ̀. Wọ́n á lù ú gan-an pẹ̀lú ṣíbí onígi, epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n fi ń dín in. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì àti edé sè), caruru tí wọ́n fi ilá sè, edé gbígbẹ àti ata sí i. Oúnjẹ Ọya ni níbí, bó ṣe jẹ́ nílé. Ní 2005 ni ìjọba Bràsíl fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè.

Olùkọ́ Ọ̀ṣun
Orí mi wú! Epo pupa náà ni ti àwọn ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ o. Bí ẹ bá ti jẹ́ kó rú èéfín títí pupa rẹ̀ fi lọ, adùn rẹ̀ ti bá a lọ.

Tòkunbọ̀
Òróró ni mo fara mọ́. Àkàrà àti búrẹ́dì Agége, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọlọ́gì
Búrẹ́dì kẹ̀? Ẹ̀kọ ni. Ẹ̀kọ mímu kì í dì ní kókó-kókó bí ẹ bá kọ́kọ́ fi omi tútù pò ògì kó dà bíi mílíìkì tó ki, kẹ́ ẹ wá da omi tó ń hó yaya sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ máa rò ó láìdúró títí á fi ki. Omi tó ti dákẹ́ híhó kì í ṣe iṣẹ́ yẹn, ògì á kàn rọ̀gún sísàlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e kaná díẹ̀, ẹ máa rò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Àkàrà yìí kan náà, ẹ jù ú sínú gàrí tútù kẹ́ ẹ wò ó.

Tòkunbọ̀
Ìyẹn náà dáa.

Ìyá Ìbejì
Bí ẹ̀wà lílọ̀ bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Alákàrà Mọ́kọlá
Ẹ bù ú sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, ẹ bò ó, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti lọ, ẹ máa tún un lù bí ìgbà àkọ́kọ́. Bí agbára ò bá sí, ẹ fi omi, epo àti èròjà sí i, kẹ́ ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Àìkú.